Bẹ́ẹ̀dì Tó Rọ̀, Afẹ́fẹ́ Tó Fẹ́lẹ́: Oorun Mẹ́ta Lórí Òkè Kilimanjaro

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gun òkè Kilimanjaro ní ilẹ̀ Tanzania pọ̀, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ló ní ilé téèyàn lè sùn sí títí tó fi máa dé ẹsẹ̀ ṣóńṣó òkè náà. Marangu lorúkọ ẹ̀. Lórí àwọn ọ̀nà yòókù, inú àgọ́ lẹ máa sùn, òtútù ilẹ̀ á sì máa gba abẹ́ ẹní kí yín. Ní Marangu, ilé onípákó tí òrùlé ẹ̀ ṣe ṣóńṣó ló ń dúró dè yín, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì alájà, fóòmù, iná sólà, àti yàrá ìjẹun tí wọ́n á ti gbé ọbẹ̀ gbígbóná síwájú yín. Wọ́n máa ń ta Coca-Cola níbẹ̀ pàápàá, ìyẹn ni wọ́n fi sọ ọ̀nà náà ní "ọ̀nà Coca-Cola". Ọ̀nà Machame, tí wọ́n ti ń sùn sínú àgọ́, "ọ̀nà Whiskey" ni wọ́n ń pe ìyẹn, pé òun ló le bí ọtí.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tọ́jú owó láti lọ gun òkè yìí bi mí pé, tí òun bá ti rí bẹ́ẹ̀dì tó dáa sùn lójoojúmọ́, tí afinimọ̀nà sì wà níwájú òun, ṣé òun ti bọ́ nìyẹn? Ìdáhùn mi gùn ju ohun tí mo lè tẹ̀ sórí WhatsApp lọ. Ọ̀nà Coca-Cola rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn, ó rọ ẹ̀yìn tó fẹ́ dùbúlẹ̀ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹ̀dọ̀fóró àti ọpọlọ léèrè, ẹ máa gbọ́ nǹkan míì. Àwọn yẹn kì í ka bí bẹ́ẹ̀dì ṣe rọ̀ tó. Bí bẹ́ẹ̀dì náà ṣe ga tó sí òkun ni wọ́n ń kà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rin ọ̀nà náà lórí ìwé. Òfin ọgbà ìjọba tó ń bójú tó òkè náà ò gbà kí ẹnikẹ́ni dá gùn ún, ẹ gbọ́dọ̀ ní afinimọ̀nà tó ní ìwé àṣẹ. Ẹnubodè Marangu ò tíì pé mítà 2,000 sókè òkun. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ máa rin nǹkan bíi kìlómítà 8 nínú igbó kìjikìji, àwọn ọ̀bọ á máa fò lókè orí yín, kí ilẹ̀ tó ṣú ẹ ti dé ilé Mandara tó wà ní mítà 2,720. Ẹ dúró níbí díẹ̀ ná. Ibi tó ga jù lọ ní gbogbo Nàìjíríà ni Chappal Waddi ní ìpínlẹ̀ Taraba, mítà 2,419 sì ni. Òkè Ìdánrè tá a máa ń fi yangàn, tí àtẹ̀gùn ẹ̀ lé ní 600, tó ń mú orúnkún èèyàn gbọ̀n rìrì, kò tó mítà 1,000. Ìyẹn ni pé ní alẹ́ àkọ́kọ́ péré, nígbà tí ẹ bá bọ́ bàtà, tí ẹ dùbúlẹ̀, ẹ ti ga ju gbogbo ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ọmọ Nàìjíríà lè tẹ̀ nílé lọ. Ara yín ò tíì sùn sírú ibẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kejì, kìlómítà 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Igbó á parí lójijì, ẹ máa bọ́ sí pápá gbalasa, igi kan báyìí á bẹ̀rẹ̀ sí í fara hàn tó dà bíi pé wọ́n fi ewé kábéèjì dé òpó lórí. Horombo lẹ máa sùn sí, mítà 3,720. Orúkọ àwọn ọba Chagga àtijọ́ ni Mandara àti Horombo. Nígbà tí àwọn ará Jámánì ń ṣèjọba níbẹ̀, Bismarck àti Peters ni wọ́n ń pe ilé méjèèjì; ó dáa bí orúkọ onílé ṣe padà sórí ilé. Lọ́jọ́ kẹta, aṣálẹ̀ ni, òkúta àti eruku, láàárín ṣóńṣó Kibo àti ṣóńṣó Mawenzi, títí dé ilé Kibo ní mítà 4,720. Kò sí omi níbẹ̀, àwọn aláàárù ló ń gbé e wá láti ìsàlẹ̀. Ẹ máa jẹun ìrọ̀lẹ́, ẹ máa dùbúlẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, wọ́n á sì jí yín ní nǹkan bí agogo méjìlá òru pé ó yá. Ìgbà ilẹ̀ bá ń mọ́, tó bá ṣe é ṣe, ẹ wà ní Uhuru, mítà 5,895, kò sí ilẹ̀ tó ga jù ú lọ ní gbogbo Áfíríkà.

Ẹ wo àwọn nọ́ńbà ibùsùn yẹn dáadáa: 2,720, 3,720, 4,720. Àfi bíi pé wọ́n fi rúlà fà á. Láti ilé kan sí èkejì, ẹgbẹ̀rún mítà ni, ìrìn ọjọ́ kan fún ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ le. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi wọn ọ̀nà yẹn.

Ìlànà tí àwọn dókítà tó ń tọ́jú àìsàn òkè ń tẹ̀ lé yàtọ̀ síyẹn. Wọ́n ní téèyàn bá ti kọjá mítà 3,000, kí ibi tó máa sùn lálẹ́ òní má fi mítà 500 ga ju ibi tó sùn lánàá lọ, kó sì fi alẹ́ kan sinmi lójú kan náà láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ kíyè sí i pé ibi tó sùn ni wọ́n sọ. Wọn ò sọ ibi tó rìn dé. Ẹ lè rìn dé mítà 4,500 lọ́sàn-án, kí ẹ jẹ ọ̀sán níbẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò, kí ẹ sọ̀ padà wá sùn sí 3,900, àwọn dókítà ò ní bínú sí yín rárá. Láti Horombo sí Kibo lálẹ́ kan, ìlọ́po méjì ohun tí ìlànà gbà ni.

Kí ló wá wà nínú oorun?

Ìdá ọ́síjìn nínú afẹ́fẹ́ ò yí padà láti etí òkun títí dé Uhuru. Nǹkan bí 21 nínú 100 ni, lókè àti nílẹ̀. Ohun tó ń yí padà ni bí afẹ́fẹ́ ṣe kún jọ tó. Ẹ lọ wo ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta fóòmù: tí wọ́n bá to ogún fóòmù léra wọn, èyí tó wà nísàlẹ̀ á ti tẹ̀ pẹlẹbẹ nítorí ẹrù orí ẹ̀, èyí tó wà lókè á wú sókè fẹ́lẹ́. Afẹ́fẹ́ náà nìyẹn. Àwa tá a wà ní Èkó, ìsàlẹ̀ pátápátá la wà, afẹ́fẹ́ orí wa ló ń tẹ tiwa jọ. Ní Mandara, èémí kan tí ẹ bá mí sínú á gbé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọ́síjìn tí ì bá gbé wọlé ní Èkó. Ní Horombo, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ní Kibo, ó fi díẹ̀ ju ìdajì lọ. Ní Uhuru, ìdajì.

Nínú ọrùn yín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ, ẹ̀yà ara kékeré kan wà lọ́tùn-ún lósì tó ń tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò ní gbogbo ìgbà bí ìyá tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Tí ọ́síjìn bá dín, òun ló máa pariwo pé ẹ tètè mí. Ẹ máa mí kíákíá, ọ́síjìn á gòkè díẹ̀. Ṣùgbọ́n mímí kíákíá yẹn á tún máa lé kábọ̀ndáọ́ksáìdì jáde jù. Kábọ̀ndáọ́ksáìdì inú ẹ̀jẹ̀ ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kan díẹ̀, bí omi ọsàn ṣe ń kan. Tó bá lọ jù, ọpọlọ á rò pé mímí ti pọ̀ jù, á sì tẹ búrẹ́kì. Ẹ̀yà ara kan ń sọ pé "ẹ mí," èkejì ń sọ pé "ó tó." Ẹni tó máa parí ìjà yìí ni kíndìnrín, tó máa fi ìtọ̀ da èròjà kan tí wọ́n ń pè ní bicarbonate nù, kí ẹ̀jẹ̀ lè padà sí bó ṣe yẹ. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì, mẹ́ta, mẹ́rin ni. Kíndìnrín ò mọ iye tí ẹ san fún ìrìn àjò.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé ẹ̀jẹ̀ tuntun ni ara máa ń ṣe láti fi bá òkè mọ́ra. Ó ń ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì pupa tuntun ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó pọ̀ débi tó máa wúlò. Nínú ìrìn ọjọ́ márùn-ún, ẹ ti padà délé kó tó dé. Mímí àti kíndìnrín lẹ gbọ́kàn lé. Ìtọ̀ tó ń jí yín lẹ́ẹ̀mẹta lóru ní Horombo, tí ẹ ní láti jáde sínú òtútù nítorí ẹ̀, àmì rere ni. Mo gbọ́ pé àwọn kan kì í mu omi nírọ̀lẹ́ torí kí wọ́n má bàa jáde. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Lójú oorun, ìjà mímí yẹn le sí i, torí pé kò sí ẹ̀yin tó mọ̀ọ́mọ̀ ń mí mọ́. Ọpọlọ nìkan ló kù sídìí ẹ̀. Èémí á yára, á jinlẹ̀, á wá rọlẹ̀, á dúró pátápátá fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́yìn náà ẹni náà á já èémí gbà lójijì bí ẹni tó jáde látinú odò. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì òkè á máa rò pé ẹni ìsàlẹ̀ ti kú. Kò kú, kábọ̀ndáọ́ksáìdì ẹ̀ ló lọ sílẹ̀ débi tí ọpọlọ ò fi rí ìdí láti mí.

Inú ilé orí òkè náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fẹ̀sọ̀ ka èémí yìí sílẹ̀. Lórí òkè Monte Rosa ní Ítálì, ní mítà 4,554, wọ́n ṣí ilé kan ní 1893 tí wọ́n fi orúkọ Ayaba Margherita pè, ayaba náà fúnra ẹ̀ sì gun òkè lọ síbẹ̀ lọ́dún náà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Angelo Mosso, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ara láti ìlú Turin, kó irinṣẹ́ àti àwọn ọmọ ogun lọ síbẹ̀, ó sì ń fi ẹ̀rọ ya bí èémí àwọn tó ń sùn ṣe ń lọ sókè sódò. Mosso gbà pé àìtó kábọ̀ndáọ́ksáìdì ló ń fa àìsàn òkè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ará Faransé kan, Paul Bert, ti fi hàn ní 1878 pé àìtó ọ́síjìn ni. Ṣùgbọ́n ní ti èémí ojú oorun tó ń dúró tó ń lọ, kábọ̀ndáọ́ksáìdì tí Mosso dì mú náà wà nídìí ọ̀rọ̀ lóòótọ́. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí ju bó ṣe yẹ lọ, torí pé àwa tá a wà nínú láàbù mọ bó ṣe máa ń rí kéèyàn di òótọ́ mú ní ìrù.

Ilé Margherita ṣì wà títí dòní, àwọn agunkè ń jẹun níbẹ̀, wọ́n ń sùn, àwọn onímọ̀ sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dán nifedipine wò, iṣẹ́ náà sì jáde ní 1991. Ẹ mọ nifedipine: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí àwọn òbí wa ń lò ni. Tí ọ́síjìn bá dín nínú ẹ̀dọ̀fóró, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ máa ń fún pọ̀. Lára àwọn kan, ó ń fún débi pé omi á rọ́ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ẹni náà á máa rì lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Wọ́n mú àwọn èèyàn tírú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí gòkè lọ sílé Margherita. Nínú àwọn 11 tí wọ́n fún ní oògùn asán, omi wọ ẹ̀dọ̀fóró 7. Nínú àwọn 10 tó lo nifedipine, ẹyọ ẹnì kan ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ gba oògùn màmá yín lo nítorí ohun tí mo kọ yìí. Àwọn tó ti ní in rí ni wọ́n fi dán an wò, dókítà ló sì ń pín in.

Èyí tí wọ́n máa ń fún àwọn arìnrìn-àjò jù ni Diamox, tó ń ran kíndìnrín lọ́wọ́ láti tètè da bicarbonate yẹn nù. Ẹ bi dókítà yín kí ẹ tó kúrò nílé. Oògùn oorun àti ọtí, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn yẹn ń mú kí mímí rọlẹ̀ gan-an ní wákàtí tí ara ń wá èémí.

Ní báyìí, bẹ́ẹ̀dì. Wákàtí mẹ́fà sí méjìlá lẹ́yìn téèyàn dé ibi gíga ni àìsàn òkè sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fara hàn. Ẹ dé Horombo ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, ara yín yá gágá, ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ jẹun, ẹ wọlé sínú yàrá tó gbóná, ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora. Agogo kan òru ni ẹ̀fọ́rí dé. Gbogbo ohun tó wà láyìíká yín ló ń sọ fún yín pé kò séwu, torí pé ilé ni ẹ wà, ilẹ̀kùn ti, fóòmù rọ̀. Nínú àgọ́, tí nǹkan bá ń ṣe yín, ẹ máa mọ̀ pé orí òkè lẹ wà. Nínú ilé, ẹ lè rò pé ó rẹ̀ yín lásán ni. Ìdí tí mi ò fi fẹ́ràn bí àwọn tó ń polówó ọ̀nà yìí ṣe máa ń kọ "ọ̀nà tó rọrùn" gàdàgbà sójú ìwé nìyẹn.

Ní 2018, àwọn onímọ̀ tó ṣe òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ àìsàn òkè yọ àìróorunsùn kúrò nínú ẹ̀. Kò sẹ́ni tí kì í sùn ségesège lókè, nítorí náà, oorun tí ò dán mọ́rán kì í ṣe àìsàn fúnra ẹ̀. Ẹ̀fọ́rí ni olórí àmì, tí èébì, àìfẹ́ẹ́jẹun, òòyì, tàbí rírẹ̀ tó kọjá bó ṣe yẹ bá sì tẹ̀ lé e, ẹ gbà pé òkè ni, títí ẹ ó fi rí ẹ̀rí pé nǹkan míì ni. Ẹni tó bá ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ọ̀mùtí, tí kò lè rìn lórí ìlà tó tọ́, ọpọlọ ẹ̀ ló ń wú. Ẹni tó jókòó jẹ́jẹ́ tó ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó ń wúkọ́, ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ ni. Méjèèjì yìí kì í dúró di àárọ̀. Ó gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lóru náà, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú ẹni tó máa dì í mú.

Ibi tí afinimọ̀nà ti wúlò jù nìyí. Ọ̀nà Marangu ò ṣòro rí, ọmọdé lè tọ̀ ọ́. Ohun tí wọ́n ń san owó fún ni ojú tó ń wo yín. Afinimọ̀nà tó mọṣẹ́ kì í kàn bi yín pé "ṣé ara le?", torí ó mọ̀ pé ẹni tó ti náwó tó tó yẹn á purọ́. Á wo àwo oúnjẹ yín bóyá ẹ jẹun tán. Á wo bí ẹ ṣe ń so okùn bàtà. Ọ̀pọ̀ wọn á fi ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ há yín níka láàárọ̀ àti lálẹ́, irú èyí tí gbogbo wa mọ̀ nígbà kòrónà. Tó bá wá sọ pé ẹ máa padà, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, ẹ má fowó lọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí wọn ò ní dẹ́kun sísọ sí yín létí: "pole pole". Èdè Sùwàhílì ni, ìtumọ̀ ẹ̀ sì ni pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ tún gbọ́: tí nǹkan bá ṣe yín, "pole" ni wọ́n máa kí yín, bí àwa náà ṣe ń kí èèyàn ní "pẹ̀lẹ́". Mi ò ní sọ pé ìyá kan náà ló bí àwọn ọ̀rọ̀ yìí, ó kàn dùn mọ́ mi létí ni. Ìdí tí wọ́n fi ń sọ ọ́ ni pé ẹni tó bá ń sáré, iṣan ẹsẹ̀ ẹ̀ á máa jẹ ọ́síjìn tí ọpọlọ ń wá.

Àwọn aláàárù náà ń sùn sórí òkè yẹn o. Ìtura tí mò ń sọ yìí, fóòmù ìjókòó, àwo, ẹyin, omi gbígbóná ìwẹ̀sẹ̀, orí àti èjìká èèyàn ló gbé e débẹ̀. Kìlógíráàmù 20 ni òpin ẹrù tí wọ́n gbà kí aláàárù kan gbé. Ìsàlẹ̀ òkè ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé, òkè kì í sì í fojú rere wo ẹnikẹ́ni nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́. Kí ẹ tó san owó, ẹ bi ilé-iṣẹ́ tó máa mú yín lọ pé ibo làwọn aláàárù máa sùn àti pé kí ni wọ́n máa jẹ.

Ọ̀rọ̀ AS

Èyí ló jẹ́ kí ìdáhùn mi fún ọ̀rẹ́ mi gùn, torí pé AS ni, ìwé àwọn òyìnbó lórí ìrìn òkè kì í sì í sábà sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS. Nílé, kò ní wàhálà kankan, ìgbà tó bá fẹ́ gbéyàwó ló máa ń rántí. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì pupa AS náà ní hẹmoglóbíìnì S nínú, tí ọ́síjìn bá sì lọ sílẹ̀ gan-an, S yẹn lè bẹ̀rẹ̀ sí í so pọ̀, kó sọ sẹ́ẹ̀lì di bíi dòjé. Ibi tó ti sábà máa ń ṣẹlẹ̀ lókè ni spleen, ẹ̀yà ara kan tó wà lábẹ́ egungun ìhà lọ́wọ́ òsì, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Tí àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn bá dí ojú ọ̀nà, apá kan spleen lè kú. Àwọn dókítà ti kọ irú ẹ̀ sílẹ̀ léraléra láti ara àwọn AS tó gòkè, tí ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀ pé AS làwọn tẹ́lẹ̀.

Èyí ò sọ pé kí AS má lọ. Ọ̀pọ̀ ló ń lọ tó ń bọ̀ láìsí nǹkan kan. Ohun tí mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi ni pé kó bá dókítà sọ̀rọ̀, kó sọ jẹ́nótáìpù ẹ̀ fún afinimọ̀nà lọ́jọ́ kìíní, kó má jẹ́ kí omi gbẹ lára, kó má sì yan ìrìn ọjọ́ márùn-ún. Tí ìrora bá mú un lábẹ́ ìhà òsì, kó má pè é ní inú rírun, kó sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. SS àti SC ní tiwọn, òkè yìí kì í ṣe tiwọn rárá. Àwọn dókítà ò ní gbà, èmi náà ò gbà.

Ní ti iye ọjọ́: ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi ń ṣe Marangu tí ọjọ́ bá kéré jù. Ti ọlọ́jọ́ mẹ́fà fi alẹ́ kan kún un ní Horombo. Lọ́jọ́ àfikún yẹn, wọ́n á mú yín rìn lọ sí ibi òkúta abilà kan ní nǹkan bíi mítà 4,000, ẹ máa ṣíwọ́, ẹ máa padà wá sùn sí 3,720. Ó dà bíi pé ẹ ò ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ kíndìnrín ń ṣiṣẹ́. Ẹgbẹ̀rún mítà tó wà láàárín Horombo àti Kibo ò kéré sí i, ṣùgbọ́n ẹ ti fi alẹ́ méjì múra dè é. Owó ọgbà àti owó ilé ń gòkè pẹ̀lú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ohun tó ń jẹ́ kí àwọn èèyàn gé ọjọ́ kẹfà kúrò nìyẹn. Àárín wa níbí, ó sàn kí ẹ má lọ lọ́dún yìí, kí ẹ tún tọ́jú owó sí i.

Ẹ wá wo ọ̀nà Whiskey. Àwọn tó ń gba Machame máa ń gòkè dé Lava Tower, nǹkan bíi mítà 4,600, wọ́n á jẹ ọ̀sán níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí, wọ́n á wá sọ̀ lọ sùn sí Barranco, tí kò pé 4,000. Àgọ́ ò ní ìpìlẹ̀, ibi tó bá wu ara ni wọ́n lè tẹ́ ẹ sí. Ilé ní ìpìlẹ̀. Ní Nepal, lọ́nà tó lọ sí ẹsẹ̀ òkè Everest, ilé ìgbàlejò pọ̀ lọ bẹẹrẹ nítorí pé abúlé wà lójú ọ̀nà: Namche ní 3,440, Tengboche ní nǹkan bí 3,860, Dingboche ní nǹkan bí 4,400. Níbẹ̀, èèyàn lè ní bẹ́ẹ̀dì, kó sì tẹ̀ lé ìlànà àwọn dókítà, torí pé kò sí ibi tó ti fẹ́ dúró tí kò ní rí ilé. Kilimanjaro ò ní abúlé lókè. Mẹ́ta ni ilé, ibi tí wọ́n wà ni wọ́n wà.

Hans Meyer, ará Jámánì tó kọ́kọ́ dé ṣóńṣó náà pẹ̀lú Ludwig Purtscheller ní oṣù kẹwàá 1889, kò rí i gùn nígbà tó kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀ ní 1887. Nígbà tó padà wá, ó ṣètò àgọ́ sí ibi gíga ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn aláàárù ń gbé oúnjẹ wá bá a níbẹ̀, kò fi dandan sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ebi bá dé. Àwọn ará Marangu sọ pé ọmọ Chagga kan, Yohani Kinyala Lauwo, ló mú un gba inú igbó lọ. Nítorí oúnjẹ ni Meyer ṣe ṣe ètò yẹn, ṣùgbọ́n ó fún ara ẹ̀ láǹfààní láti máa sùn lókè fún ọjọ́ púpọ̀ kó tó kọjú sí yìnyín.

Lẹ́yìn Uhuru, wọn kì í sùn sí Kibo mọ́. Wọ́n á sinmi níbẹ̀ fún ìwọ̀nba wákàtí, wọ́n á kó ẹrù, wọ́n á tún máa sọ̀ lọ títí dé Horombo. Mítà 2,175 nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n dúró sí nígbà tí oòrùn ń yọ. Ẹni tó ń bì ní agogo mẹ́rin ìdájí, tí kò lè wo ìrẹsì lójú, nígbà tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, á jókòó sí yàrá ìjẹun náà, á jẹ àwo kan tán, á sì na ọwọ́ pé kí wọ́n bu òmíràn sí i. Bẹ́ẹ̀dì kan náà tí kò rí oorun sùn lórí ẹ̀ nígbà tó ń lọ ni wọ́n máa tún fún un lálẹ́ yẹn. Á sùn lé e lórí fọnfọn.